Odídẹrẹ́ àgbà tó ti bá ẹlòmíràn gbé rí: bí ẹ ṣe lè jẹ́ kí ó fọkàn tán yín

Ìpè kan náà ni mo máa ń gbà. Ẹnìkan ti rí físà gbà, ó ń tú ilé ká ní Ọbáńtokò, l'Abẹ́òkúta níbí, gbogbo ẹrù ti rí olówó, odídẹrẹ́ tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún 13 nìkan ló kù. Àbúrò tàbí aládùúgbò kan á ṣàánú, á gbé e lọ sílé. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ki ọwọ́ bọ inú àgò, ẹyẹ ti gé e níka jẹ, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn, á wá pè mí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹyẹ yìí burú. Ṣé kí n dá a padà ni?"

Kò burú. Ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún kí ó tó gé èèyàn jẹ. Ẹni tó gbé e sílé ni kò gbọ́.

Èmi náà ò gbọ́ nígbà tèmi. Ọwọ́ ìyá àgbàlagbà kan ní Ìtókò ni Àkànní, odídẹrẹ́ mi, wà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. (Àkànní ni wọ́n ń pè é o, bóyá akọ ni tàbí abo, ojú lásán kò lè sọ.) Lọ́sẹ̀ tó dé gan-an ni mo fi táwẹ́ẹ̀lì ká a mọ́ igun àgò, mo fà á jáde kí ó lè mọ ẹni tó ni ilé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san gbèsè ìṣẹ́jú méjì yẹn. Torí náà, ohun kan ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí rọ̀ mọ́: ẹyẹ tó bá mọ̀ pé òun lè kọ̀, kí ẹ sì gbà fún òun, ni ẹyẹ tí yóò wá bá yín fúnra rẹ̀.

Ẹ fi oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sọ́kàn. Ti ẹlòmíràn á yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹlòmíràn á gba ọdún kan. Odídẹrẹ́ lè lo ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ èèyàn, nítorí náà oṣù mẹ́fà kò pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹyẹ àgbà tí ọwọ́ ti ń tọ́ látilẹ̀ ni mò ń sọ. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtè mú nígbó tí wọ́n ń kiri lẹ́bàá títì. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni odídẹrẹ́ ti wà nínú ìsọ̀rí kìíní CITES, ìwé àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ka òwò wọn láàárín orílẹ̀-èdè sí èèwọ̀. Òfin wà ní Nàìjíríà náà tó dáàbò bo ẹranko tó ń tán lọ. Ẹ bi ẹni tó ń gbé ẹyẹ fún yín ní ibi tó ti rí i, bó bá sì ní ìwé kankan lórí rẹ̀, ẹ gbà á.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹyẹ tó dé

Àgò, tàbí kéèjì bí ọ̀pọ̀ ṣe ń pè é. Kí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ lè na apá méjèèjì láì kan irin. Kí àlàfo àárín irin má ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 2.5 lọ, kí orí má baà há síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé e fún wẹ́dà torí ti ṣọ́ọ̀bù wọ́n. Ó dáa, àmọ́ ẹ kìlọ̀ fún un: kó má fi wáyà tí wọ́n da síǹkì bò ṣe é, kó má sì fi ọ̀dà tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kùn ún. Àgógó ni odídẹrẹ́ fi ń gun irin, ó sì ń họ ọ̀dà jẹ. Síǹkì àti òjé máa ń pa á.

Ẹ̀ka igi gúáfà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n nípọn jura wọn lọ, kí ẹ fọ̀ wọ́n dáadáa. Igi róbótó kan ṣoṣo tó rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin máa ń dá egbò sí i lẹ́sẹ̀.

Sikéèlì ìdáná tó ń ka gíráàmù. Ìwé kékeré kan àti bírò. Igi sùyà mẹ́ta tí ẹ ti gé orí ṣóńṣó rẹ̀ kúrò. Àpótí tàbí agbọ̀n kékeré tó ní ilẹ̀kùn, èyí tí ẹ ó fi máa gbé e jáde. Aṣọ ìbora àgò fún alẹ́, kí ó jẹ́ aláwọ̀ kan tó ti gbó díẹ̀. Mo ra àdìrẹ tuntun ní Ìtòkú fún Àkànní, mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni mò ń ṣe; gbogbo òru ló fi ja apá mọ́ irin nítorí àwòrán ara aṣọ náà.

Nọ́ńbà dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn tó wà l'Abẹ́òkúta, wà nítòsí wa, kí ẹ gbé ẹyẹ débẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ fún àyẹ̀wò. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní psittacosis tí ẹyẹ lè kó ran èèyàn, nítorí náà ẹ máa fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún àgò ṣe. Ara odídẹrẹ́ tún máa ń da ìyẹ̀fun funfun. Bí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà nílé, ẹ rò ó wò kí ẹ tó gbà á.

Ohun tó gbọ́dọ̀ kúrò nílé náà wà. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò rí bíi tiwa, èéfín díẹ̀ ti pọ̀ jù fún un. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bó bá gbóná jù, atẹ́gùn tó ń jáde lára rẹ̀ lè pa odídẹrẹ́ nínú yàrá kejì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èèyàn ò sì ní gbọ́ òórùn kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ota-piapia, oògùn tí a ń fín sí ẹ̀fọn, èyí tí a ń tàn tó ń rú èéfín, àti èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Ìpele 1: Ẹ bi olówó rẹ̀ àtijọ́ kí ó tó lọ

Èyí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹni tó ń múra ìrìn-àjò kò ní àkókò, ẹ̀yin náà ń kánjú. Ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan kí ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Kí ni orúkọ rẹ̀? (Ẹ má yí i padà.) Kí ló ń jẹ láàárọ̀, kí ló ń jẹ lálẹ́, kí sì ni ààyò rẹ̀ tí kì í kọ̀? Aago mélòó ló ń sùn? Ṣé ọwọ́ ló ń bà lé àbí igi? Ta ni kì í fẹ́ rí: ọkùnrin, ọmọdé, ẹni tó dé fìlà? Ṣé wọ́n ti fi ìgbálẹ̀ lù ú rí? Kí ló máa ń sọ, kí sì ni wọ́n fi ń dá a lóhùn?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí wọ́n bá ti ń fún un ní "O ò jíire?" ní gbogbo ìgbà tó bá kí wọn "Ẹ káàárọ̀", ohun kan ṣoṣo nìyẹn nínú ilé yín tí kò ní jẹ́ àjèjì sí i.

Ẹ gba oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tó ń jẹ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀pà lásán. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gba àgò rẹ̀ àtijọ́ náà.

Ẹ wò ó: bí ẹ bá lè sọ ohun tí ẹyẹ yìí ń ṣe láti àárọ̀ dé alẹ́ láì wo ìwé, ẹ ti ṣe ìpele yìí tán.

Ìpele 2: Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn án

Ẹ gbé àgò sí pálọ̀, níbi tí èèyàn ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Àgò tó wà láàárín yàrá dà bí ẹni tó jókòó sí oríta. Kí igi tó ń bà lé ga dé àyà tàbí èjìká yín. Kí ó má sí ní ilé ìdáná. Kí oòrùn má lù ú ní tààràtà, kí ó má sì kọjú sí fèrèsé tí ó ti lè rí àṣá.

Iṣẹ́ yín fún ọ̀sẹ̀ méjì yìí kò ju mẹ́ta lọ: oúnjẹ, omi, ìmọ́tótó. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó. Ẹ gbé àga sí ibi tí kò ti ní sá sẹ́yìn, bóyá mítà mẹ́ta, kí ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, kí ẹ máa ka ìwé ìròyìn sókè tàbí kí ẹ máa ṣa ẹ̀wà. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹran tó fẹ́ pa á jẹ ló máa ń tẹjú mọ́ ọn. Ojoojúmọ́, bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ sún àga náà díẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń kọjá lára àgò, ẹ ju ohun dídùn kan sínú àwo rẹ̀ kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ má dúró wò ó.

Kí ó sùn fún wákàtí 10 sí 12 nínú òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́. Ní Adátán tàbí Pánṣẹ́kẹ́, níbi tí ọjà àti mọ́tò kì í ti í dákẹ́ bọ̀rọ̀, ẹ lè ní láti ṣètò igun mìíràn fún oorun rẹ̀. Ẹ fi iná kékeré kan sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Òkùnkùn biribiri tó dé lójijì nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ máa ń jẹ́ kí ó ta gìrì.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* àlejò. Gbogbo àdúgbò ló fẹ́ wá wo ayékòótọ́ tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ á máa fi igi gún un kí ó lè fọhùn. Ẹ lé wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá tọrọ ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìrù rẹ̀, tó ní òun fẹ́ fi ṣe nǹkan, ẹ sọ fún un pé èyí tó bá jábọ́ fúnra rẹ̀ lẹ ní. Ẹ tọ́jú àwọn tó bá já sílẹ̀ sínú ike kan. Nígbà tó bá ń pààrọ̀ ìyẹ́, á tó. Ìrù tí a fà tu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹyẹ kì í gbàgbé ọwọ́ tó fà á.

Ẹ wò ó: ṣé ó ń jẹun nígbà tí ẹ wà nínú yàrá? Ṣé ó ń ya ara rẹ̀, tó ń fi àgógó tún ìyẹ́ ṣe lójú yín? Bí kò bá tíì ṣe méjèèjì, ọ̀sẹ̀ méjì náà kò tíì pé, ohun yòówù kí kàlẹ́ńdà sọ.

Ìpele 3: Ẹ kọ́ èdè rẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ọ ní tiyín

Bí ìyẹ́ ara rẹ̀ bá lẹ̀ típẹ́típẹ́, tó wá tẹ́ẹ́rẹ́, tó ga, tó ń wò yín pẹ̀lú ojú kan: ẹ̀rù nìyẹn. Bí ó bá ń kùn bí ọmọ ajá, ẹ̀rù ti pọ̀ gan-an, ẹ sún sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá fara tì sí ẹ̀yìn, bóyá ó tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sí iwájú bí ẹni tó ń ti nǹkan dànù, ó ń sọ pé "má wá."

Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan mọ́ inú ìyẹ́, tí ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Bí ó bá ń lọ àgógó mọ́ra wọn, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, lálẹ́, oorun ń bọ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Bí ó bá gbọn gbogbo ìyẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì mi ìrù, ó ti tú ohun tó ká a lára dànù.

Èyí tó ń tàn wá jẹ ni ojú. Nígbà tí dúdú inú ojú rẹ̀ bá ń sún kì tí ó tún ń fẹ̀, léraléra, ohun kan ti ru ú sókè. Ó lè jẹ́ ayọ̀, ó sì lè jẹ́ ìbínú. Ẹ wo ìyókù ara rẹ̀. Bí ọrùn bá wú, tí ìrù là bí abẹ̀bẹ̀, ẹ kó ọwọ́ yín kúrò. Ìtẹríba náà bẹ́ẹ̀: ẹyẹ tó tẹrí ba pẹ̀lú ojú tó ń pa dé ń fẹ́ kí ẹ họ òun lórí, èyí tó tẹrí ba tí ojú rẹ̀ là gedegbe ń dọdẹ ìka yín.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ odídẹrẹ́ kì í sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ ilé. Ẹ má bẹ̀ ẹ́. Àkànní dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo wà nídìí kọ̀ǹpútà, mo gbọ́ ikọ́ obìnrin àgbàlagbà lẹ́yìn mi, ikọ́ gidi, lẹ́yìn náà ni ohùn kan béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Ara mi bu máṣọ. Ìyá tó ni ín ti di ẹni ilẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí mi ní ọdún Iléyá, Àkànní tún hú ikọ́ náà, obìnrin yẹn sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò fún bíi wákàtí kan. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ má fi aṣọ bò ó, ẹ má sì kígbe lé e lórí. Ẹ dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn tẹ́lẹ̀. Èmi sọ pé, "Èmi ni o, mà." Ó dákẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àgógó.

Ẹ wò ó: fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tó sún mọ́ àgò, ẹ sọ lọ́kàn yín ohun tí ẹyẹ yóò ṣe. Bí ẹ bá ń gbà á ní ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ lọ sí èyí tó kàn.

Ìpele 4: Láti inú àwo dé ìka

Ẹ kọ́kọ́ wá ààyò rẹ̀. Fún àárọ̀ mẹ́ta, ẹ to nǹkan márùn-ún sínú àwo pẹrẹsẹ: ẹyìn pupa tútù kan, ẹ̀pà, kajú tí kò ní iyọ̀, ìbẹ́pẹ tàbí máńgòrò, àgbàdo tútù. Èyí tó kọ́kọ́ mú láàárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni owó tí ẹ ó máa ná. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ ojoojúmọ́, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ yín nìkan ni yóò ti máa rí i. Ẹ̀pà tó bá ti bu, tó hu funfun tàbí tó rùn, ẹ jù ú nù. Májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Nípa oúnjẹ ojoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kìíní. Odídẹrẹ́ tó ń jẹ hóró nìkan kì í rí fítámì A àti kálísíọ̀mù tó. Ẹ fi tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, kárọ́ọ̀tì, àti ata kún un. Bẹ́ẹ̀ ni, ata rodo. Ẹyẹ kì í mọ títa ata lẹ́nu rárá, wọ́n á máa họ kóró rẹ̀ jẹ bí ẹni ń jẹ súìtì. Àmọ́ kí ẹ má fún un ní píà láéláé, tàbí ṣokoléètì, kọfí, ọtí, àlùbọ́sà, oúnjẹ oníyọ̀. Àti obì. Àlejò tó fẹ́ ṣe oore ló máa ń ha obì fún un. Kaféènì tó ń lé oorun lójú yín nínú obì lè da ìlù ọkàn rẹ̀ rú títí á fi kú.

Ó kan ọwọ́ báyìí. Ẹ di ààyò náà mú ní ìparí ìka méjì, ẹ nà án sí i láti ìta irin, kí ẹ dúró ní ibi tí òun yóò ti ní láti na ọrùn díẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, títí dé àárùn-ún. Bó bá gbà, ó dáa. Bí kò bá gbà, ẹ ju ú sínú àwo kí ẹ lọ. Ẹ má fi tì í lẹ́nu. Kí ó rí i pé kíkọ̀ òun kò fa ìjà, kò sì fa ebi.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* fífi ebi pa á kí ó lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹyẹ kékeré ni, ara rẹ̀ kò lè gba ebi. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó bá ti gbà. Ọ̀pọ̀ odídẹrẹ́ wà láàárín gíráàmù 400 sí 500. Tí èyí tó jẹ́ 450 bá já wá sí 405, dókítà ni. Títí ìgbà tí yóò gbà kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ máa wo ìgbẹ́ rẹ̀: bó bá kéré lójijì, kò jẹun. Bí ìrù rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì; ẹyẹ máa ń fi àìsàn pamọ́ títí agbára á fi tán.

Ẹ wò ó: ó ń rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ irin nígbà tó bá rí yín, ó sì ń gbà á lọ́wọ́ yín láì já a gbà.

Ìpele 5: Igi sùyà

Níbí ni iṣẹ́ ti ń dùn. Ẹ na igi sùyà sí i láti ìta. Ní kété tí àgógó rẹ̀ bá kan orí igi, ẹ sọ pé "Káre!" kí ẹ sì fún un ní ààyò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́, kò ní mọ ohun tí ẹ ń yìn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ó tó jẹun gan-an. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì ń wù ú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ máa sún igi náà: ọ̀tún, òsì, òkè, títí yóò fi máa tẹ̀lé e yí àgò ká.

Bí igi náà bá bà á lẹ́rù, ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó máa wò ó. Bó bá já a gbà tó sì rún un, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ mú òmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mẹ́ta.

Ẹ wò ó: ẹ na igi náà sí ibi tí kò ti fẹ́ràn láti lọ tẹ́lẹ̀, bíi ẹnu ilẹ̀kùn àgò. Bó bá lọ láì ṣiyèméjì, ó ti ṣetán láti jáde.

Ìpele 6: Jíjáde, àti apá yín

Ẹ pa fáànù òkè. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò pé ẹ pa á. Ẹ ti fèrèsé, ẹ bo dígí ńlá, ẹ gbé ajá àti ológbò jáde, kí ìkòkò má wà lórí iná. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àgò kí ẹ jókòó. Ẹ má wọ inú àgò lọ mú un: yàrá rẹ̀ nìyẹn. Ó lè jáde lọ́jọ́ náà, ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá ní ẹnu ọ̀nà.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gé ìyẹ́ apá rẹ̀ kí ó lè rọ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹyẹ tí kò lè sá lọ, gígé èèyàn jẹ nìkan ló kù fún un.

Nígbà tó bá ń jáde wọlé fàlàlà, ẹ mú ẹ̀ka gúáfà kan tó nípọn tó àtàǹpàkò. Ẹ nà án síwájú rẹ̀, kí ó ga ju ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí ó má kan ikùn rẹ̀. Ẹ sọ pé "Gùn ún." Ẹ fi igi sùyà fà á. Ẹsẹ̀ kan lórí ẹ̀ka: "Káre!" Ẹsẹ̀ méjì: "Káre!" Kí ẹ tó rìn, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀ kalẹ̀ bó bá wù ú. Ẹ tún un ṣe títí kò fi ní ohun ìyanu kankan nínú mọ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi apá yín rọ́pò ẹ̀ka, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, kí ẹ ká ìka sínú. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn tó nípọn, kì í ṣe agbádá: apá agbádá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ jọ àṣá tó ń já bọ̀. Àwọn kan ń kọ́ yín pé kí ẹ fi ìka ti àyà ẹyẹ kí ó lè gùn ún nípá. Ó ń ṣiṣẹ́ o, ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Láti ìgbà náà lọ, ìka yín ti di ohun tó ń ti èèyàn ṣubú.

Bó bá tẹrí ba fún fífọwọ́kàn, orí àti ọrùn nìkan. Fífi ọwọ́ pa á ní ẹ̀yìn tàbí lábẹ́ apá máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé àsìkò ìbálòpọ̀ ti tó, owú jíjẹ àti gígé èèyàn jẹ ló ń bí.

Ẹ wò ó: ẹ na apá, ẹ sọ pé "Gùn ún", kí ẹ má sì ní oúnjẹ lọ́wọ́. Bó bá gùn ún ní ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹ ti dé. Ìgbà karùn-ún tó kọ̀ yẹn, ẹ gbà fún un.

Bó bá gé yín jẹ

Yóò gé yín jẹ. Ẹ má kígbe. Ariwo yín dùn mọ́ ọn. Ẹ má lù ú ní àgógó, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ẹ má jù ú dànù. Ẹ rọra gbé e sí ibi tó sún mọ́ jùlọ, ẹ yíjú, ẹ lọ fi ọṣẹ àti omi fọ ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé kékeré náà kí ẹ kọ nǹkan mẹ́ta: ta ló wà nínú yàrá, kí ni ẹ mú dání tàbí tí ẹ wọ̀, kí ni ẹyẹ ṣe kí ó tó gé yín jẹ. Nígbà tí mo ka tèmi lẹ́yìn oṣù méjì, mo rí i pé mẹ́rin nínú márùn-ún ló jẹ́ ọjọ́ tí mo dé fìlà.

Nígbà tó bá padà sẹ́yìn

Bánńgà oṣù Kejìlá, àlejò ìsìnkú, ọyẹ́ tó mú ara rẹ̀ gbẹ tó ń yún un, ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ lọ: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá a padà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ẹ padà sí ìpele méjì ṣáájú ibi tí ẹ wà, ẹ lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ tún máa bọ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wọ́n ọn láàárọ̀, kí omi náà máa bọ́ láti òkè bí òjò wẹliwẹli, kí ẹ má fín in sí i lójú.

Lásìkò yìí náà ni kí ẹ fi igi sùyà kọ́ ọ láti wọ àpótí ìrìn-àjò, kí ẹ máa fún un ní oúnjẹ nínú rẹ̀, kí ọjọ́ dókítà má baà di ọjọ́ táwẹ́ẹ̀lì. Àkànní ń wọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí. Yóò yí padà, yóò wò mí, yóò bi mí pé, "Ta nìyẹn?" Mo ti máa ń bọ́ fìlà kí n tó dá a lóhùn.